Iná Kékeré Tí Mo Pa Nínú Ọkọ̀ Màmá Fọlákẹ́

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá tí a máa ń ṣe ní Kàdúná níbí, ọmọbìnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé-ẹ̀kọ́ girama dìde, ó bi mí ní ìbéèrè kan. Ìdajì rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdajì rẹ̀ Haúsá. Mo ní kí ó jọ̀wọ́ bi mí ní èdè ìyá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Bàbá, ṣé iṣẹ́ mẹkáníìkì tó iṣẹ́ fún ẹni tí ó ní ọpọlọ?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo dá a lóhùn ní ṣókí lọ́jọ́ náà nítorí pé àkókò ti lọ. Ìdáhùn rẹ̀ ní kíkún nìyí, fún òun àti fún ẹ̀yin ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹ ń wo ọ̀tún wo òsì pé irú iṣẹ́ wo ni kí ẹ ṣe.

Tíṣà ni mí. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọkọ̀ títúnṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n ṣe gbà mí àti iye tí wọ́n ń san fún mi kò gùn ní sísọ: wọ́n gbà mí, wọ́n ń san án, a sì jẹun. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí èmi tí mo ń kọ́ni ṣe tún padà di ẹni tí à ń kọ́.

Kí ọdún 2000 tó wọlé, kò sí ohun tí ó ń dẹ́rù bà mí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo lè tú kábúrétọ̀ kí n sì tò ó padà pẹ̀lú ojú dídì. Ìwé kan náà ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́dọọdún, àwọn etí rẹ̀ ti ká, epo sì ti rin ín. Àfi bí àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ tuntun ṣe kún ìgboro. Lọ́jọ́ kan, a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa níwájú kíláàsì, akẹ́kọ̀ọ́ kan sì nawọ́ sókè.

"Sà, kábúrétọ̀ ti eléyìí dà?"

Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. N kò rí i. Mo sọ fún wọn pé àkókò ti tó, kí wọ́n máa lọ. Ó sì ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí agogo tó lù.

Ojú tì mí dé ilé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ pé ta ni ó mọ tinú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí. Orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn dá: Ọ̀gá Sálíù, ọmọ Ìlọrin, ní àdúgbò Hayin Banki.

Ọdún méje ni mo fi ju Ọ̀gá Sálíù lọ. Nígbà tí mo dé abẹ́ igi dongoyárò tí ó ti ń ṣiṣẹ́, tí mo ní mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́, ó kọ́kọ́ rò pé mo mú ọmọ wá ni.

"Ọmọ náà dà, sà?"

"Èmi ni ọmọ náà."

Ó wò mí láti orí dé bàtà. Ó ní, "Wállàhì, ẹ ó rí ìyà."

Kò parọ́. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti parí ní ilé-ẹ̀kọ́, Hayin Banki ni mo ń gbà lọ. Ọ̀gá Sálíù kò fi ọ̀wọ̀ dù mí rárá. Ó ń pè mí ní ẹ̀yin nígbà gbogbo, àní nígbà tí ó bá ń bú mi. Ẹ kò tíì mọ bí èébú ṣe ń dunni tó títí wọn yóò fi fi ọ̀wọ̀ bú yín. "Ẹ̀yin tíṣà yìí, ẹ dákun, orí yín le." "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò níbẹ̀ kí n tó gbá a."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan sípánà. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ó ní kí n máa bẹ̀rẹ̀ sí, kí n máa gbóòórùn èéfín. Bí ọkọ̀ bá wọlé, ohun àkọ́kọ́ tí yóò bi mí nìyí: "Tíṣà, kí lẹ gbọ́?"

"Ó ń gbọ̀n díẹ̀, ọ̀gá."

"Mo rí i pé ó ń gbọ̀n. Bí ìyàwó yín bá ń sunkún, ṣé ẹ ó kàn sọ fún àwọn aládùúgbò pé ó ń sunkún ni? Ẹ bi í pé kí ló dé."

Díẹ̀díẹ̀ mo kọ́ bí a ti í bi ọkọ̀ léèrè. Mo mọ òórùn bẹtiróòlù tí kò jó tán, mo sì mọ òórùn ẹyin tí ó ti bàjẹ́. Mo kọ́ bí a ṣe ń fi ìka nu ẹnu páìpù èéfín kí a wò ó bóyá ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo kọ́ bí a ṣe ń bi ẹni tí ó ni ọkọ̀ pé, epo tí ó máa ń gbé e dé Zaria tẹ́lẹ̀, ibo ni ó ń gbé e dé báyìí?

Nígbà náà ni ó wá kọ́ mi ní ohun tí ó gba ipò kábúrétọ̀ mi. Ó ní àpótí kan wà tí a ń pè ní ọpọlọ ọkọ̀. Òun ni ó ń pín epo fún ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ọpọlọ náà kò ní ojú. Ẹlẹ́rìí kan ni ó gbójú lé: ohun kékeré kan tí ó dà bí pílọ́ọ̀gì, tí a dè mọ́ ara páìpù èéfín. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ni orúkọ rẹ̀. Ó ń tọ́ èéfín wò, ó sì ń sọ fún ọpọlọ bóyá epo ni ó pọ̀ jù tàbí afẹ́fẹ́. Bí nǹkan kò bá lọ déédéé, iná pupa rúsúrúsú kan tí wọ́n ya àwòrán ẹ́ńjìnnì sí yóò tàn níwájú awakọ̀.

"Ẹ gbọ́ o, Tíṣà," Ọ̀gá Sálíù wí. "Ẹlẹ́rìí ni sẹ́ńsọ̀. Bí ẹjọ́ bá délẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ so ẹlẹ́rìí kọ́."

Mo ní mo ti gbọ́. N kò tíì gbọ́. Lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, iná náà tàn nínú ọkọ̀ oníbàárà kan, mo sì sáré lọ ra sẹ́ńsọ̀ ní ọjà Panteka. Mo gbé e dé tayọ̀tayọ̀. Ọ̀gá Sálíù wò ó. Ó ní kí n wọ abẹ́ ọkọ̀, kí n wo páìpù èéfín. Ó ti sán, níbi tí kò jìnnà sí iwájú sẹ́ńsọ̀. Afẹ́fẹ́ òde ń gba ibẹ̀ wọlé. Òótọ́ ni ẹlẹ́rìí náà ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀. Èmi ni mo fẹ́ pa á nítorí òótọ́.

"Tíṣà, ẹ dákun," ó wí jẹ́jẹ́, "ẹ bá mi fi okùn so èyí tí ẹ rà yẹn mọ́ ọrùn yín títí di màgàríbà."

Mo so ó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi méjì gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí mi, ojú wọn kò sì kúrò ní ọrùn mi. Láti ọjọ́ náà, n kò ra ohun tí n kò tíì wọ̀n mọ́.

Òfin méjì ni ọ̀gá mi ní. Èkíní: ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó rà á. Èkejì: ẹ má pa iná. Nígbà náà, àwọn onímọ́tò kórìíra iná náà bí ẹni kórìíra àjẹsára. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kò sì mọ bí a ṣe ń wo ohun tí ó tàn án. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á tú dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n á yọ gílóòbù kékeré tí ó wà lẹ́yìn iná náà, wọ́n á dì í padà. Oníbàárà á dúpẹ́, á máa lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá dán irú rẹ̀ wò lábẹ́ igi dongoyárò yẹn, Ọ̀gá Sálíù yóò lé e lọ lọ́jọ́ náà.

Mo wá dé ibi tí ó nira fún mi láti kọ.

Màmá Fọlákẹ́, agbẹ̀bí ni, ní ilé ìwòsàn kan nígboro. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni a jọ ń lọ, Ungwan Rimi ni ilé rẹ̀ wà. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀.

"Tíṣà, iná yìí ń já mi láyà. Mo ní iṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la, n kò lè gbé ọkọ̀ kalẹ̀."

Epo tí ọkọ̀ náà ń mu ti pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sọ fún mi. Mo gbóòórùn èéfín rẹ̀. Mo fura sí sẹ́ńsọ̀. Ṣùgbọ́n mítà tí a fi ń wọ̀n iná inú wáyà kò sí lọ́wọ́ mi, màmá ń kánjú, èmi náà sì fẹ́ kí ó yìn mí.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín pa á ná," mo wí. "Lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀ a ó wò ó dáadáa."

Mo yọ gílóòbù náà, mo fi í sínú pọ́ọ̀sì mi. Ó súre fún mi. Ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ di ọ̀sẹ̀ kejì, ó di oṣù kan. Iná kò sí mọ́ láti rán ẹnikẹ́ni létí. Òun gbàgbé, èmi náà gbàgbé. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "ná".

Ọyẹ́ ti dé nígbà náà, gbogbo koríko Kàdúná ti gbẹ. Màmá Fọlákẹ́ lọ gbé ìyá rẹ̀ arúgbó, Ìyá Àgbà, láti Zaria. Nígbà tí wọ́n padà dé lọ́sàn-án, ó wa ọkọ̀ sí orí koríko lẹ́bàá ògiri, ó sì wọlé lọ mú ọ̀pá ìyá rẹ̀ wá. Ìyá Àgbà jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ń dúró.

Kí ó tó jáde, èéfín ti bo abẹ́ ọkọ̀. Máígádì wọn, Málàmù Ísá, wà lẹ́nu géètì, ó ń se tíì lórí èédú. Òun ni ó rí i. Ó ju ife sílẹ̀, ó sáré, ó já ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí, ó gbé Ìyá Àgbà kọ́ èjìká bí ẹní gbé àpò. Lẹ́yìn náà ni òun àti àwọn aládùúgbò fi yanrìn pa iná náà. Ó ti jó abẹ́ ọkọ̀ àti àwọn wáyà ẹ̀yìn. Etí aṣọ Ìyá Àgbà jó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì lé ròrò. Ọlọ́run nìkan ni ó yọ wá.

Nígbà tí ẹ̀rù tán, gbogbo ojú yí sí ibi kan: èédú Málàmù Ísá. Wọ́n ní iná rẹ̀ ni ó ta sí koríko. Ó búra, kò sí ẹni tí ó gbọ́. Ọdún mọ́kànlá ni ó ti wà ní ẹnu géètì yẹn. Wọ́n ní kí ó kó ẹrù rẹ̀ lọ bí ó bá ti kírun Jímọ̀ tán.

Ọjọ́ tí ó ṣáájú Jímọ̀ náà ni Màmá Fọlákẹ́ ránṣẹ́ pè wá láti wo ọkọ̀. Ọ̀gá Sálíù wọ abẹ́ rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó jáde, ó mú mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní òun rí katalísì, àpótí irin tí ó ń fọ èéfín nínú páìpù. Ó ti pàwọ̀ dà bí irin tí alágbẹ̀dẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú iná, eérú koríko sì lẹ̀ mọ́ ọn. Epo tí kò jó tán nínú ẹ́ńjìnnì ni ó ti ń lọ jó níbẹ̀ láti Zaria dé ilé.

Ó wọ inú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnnì. Gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn, àfi ọ̀kan.

Ó yí i padà. Ó tún yí i. Ó wò mí.

"Tíṣà, iná kan kò tàn."

Mo fi ọwọ́ kan pọ́ọ̀sì mi.

"Mo ń lọ kírun Àsárì," ó wí. "Bí mo bá padà dé tí ẹ kò tíì sọ ọ́, èmi ni n ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu yín ni ó yẹ ẹ́."

Mo dúró níbẹ̀. Mo ro ilé-ẹ̀kọ́, mo ro ohun tí wọn yóò sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo tún ro ó pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ àfi ọkùnrin kan, bóyá mo lè bẹ̀ ẹ́. Bí mo ti ń rò ó lọ́wọ́, Málàmù Ísá jáde láti inú yàrá rẹ̀. Ẹní rẹ̀ ti wà ní kíká lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé omi tútù wá fún mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi. "Sannu, Malam," ó wí. "Oòrùn yìí mú."

N kò lè mu omi náà. Mo wọlé tọ Màmá Fọlákẹ́ lọ, mo kúnlẹ̀.

"Mà, kì í ṣe èédú. Èmi ni."

Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ìyá mi ni ó wà nínú ọkọ̀ yẹn, Tíṣà."

"Mo mọ̀, mà."

"Ẹ lọ sọ ọ́ fún òun fúnra rẹ̀. Kí ẹ sì sọ ọ́ fún Ísá, ní Haúsá, kí ó yé e dáadáa."

Ìyá Àgbà nasẹ̀ sórí ìrọ̀rí. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ṣé ìwọ ni ò ń kọ́ àwọn ọmọ wa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Lọ kọ́ ara rẹ náà."

Mo jáde lọ bá Málàmù Ísá. Mo sọ ọ́ fún un, mo tọrọ àforíjì. Ó ní kí n fi gílóòbù náà han òun. Mo yọ ọ́ láti inú pọ́ọ̀sì, ó mú un láàárín ìka méjì, ó gbé e sí oòrùn. Kò tóbi ju èso ẹ̀wà lọ.

"Kai!" ó wí. "Kékeré báyìí?" Ó dá a padà fún mi, ó gbé ẹní rẹ̀, ó sì gbé e padà wọ yàrá.

Nígbà tí Ọ̀gá Sálíù dé láti ibi ìrun, ó rí ojú mi, ó mọ̀ pé mo ti sọ ọ́. Ó kàn gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sí iwájú mi. "Ẹ ṣe é," ó wí, ó sì lọ jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe é, nítorí pé bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣì ń ṣe é lónìí. Mo kọ́kọ́ tún àwọn wáyà tí ó jó ṣe. Mo wo páìpù bóyá ó sán, kò sán. Mo wo wáyà sẹ́ńsọ̀ bóyá ó já, kò já. Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, mo wá fi mítà kan wáyà tí sẹ́ńsọ̀ fi ń sọ̀rọ̀. Bí ara rẹ̀ bá yá, nọ́ńbà ojú mítà yóò máa sáré lọ sókè sódò láìdúró, láti bí ìdá kan nínú mẹ́wàá fóòtì dé bí ìdá mẹ́sàn-án. Ti màmá dúró sójú kan nítòsí òdo. Ó ń pariwo pé afẹ́fẹ́ pọ̀, ọpọlọ sì ń da epo lé e. Àwọn pílọ́ọ̀gì dúdú kirikiri. Nígbà náà ni mo tó dá ẹlẹ́rìí lẹ́bi.

Mo tú ìsopọ̀ wáyà rẹ̀ ná. Mo fi òróró ìtúdè rin ìdí rẹ̀, mo dúró kí páìpù lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí pé bí ó bá tutù pátá, ó lè fa ẹsẹ̀ ihò, ìlà wíwé inú rẹ̀, já. Bí ó bá sì gbóná jù, yóò bó yín lọ́wọ́. Mo fi sípánà tú u. Mo fi gíríìsì tí kì í jẹ́ kí irin lẹ̀ pọ̀ pa ẹsẹ̀ sẹ́ńsọ̀ tuntun tí mo rà, n kò jẹ́ kí ó kan orí rẹ̀; ìka kò gbọdọ̀ kan orí náà, bẹ́ẹ̀ ni bẹtiróòlù. Ọwọ́ ni mo fi kọ́kọ́ yí i wọlé kí n tó fi sípánà fún un. Mo so wáyà rẹ̀ jìnnà sí páìpù. Mo pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì àti katalísì. Níkẹyìn, mo tú dáṣíbọ́ọ̀dù, mo dá gílóòbù padà sí àyè rẹ̀.

Mo yí kọ́kọ́rọ́: iná náà tàn. Mo tan ẹ́ńjìnnì: iná náà kú. Bí ó ti yẹ kí ó rí nìyẹn. Ẹ rántí rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀: iná tí kò tàn rárá nígbà tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹnìkan ni ó pa á.

Mo kó ìwé mi àtijọ́ jọ, mo kọ òmíràn. Lọ́dọọdún títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú kíláàsì mi ni ìtàn tí ẹ kà yìí, mo sì ń sọ orúkọ ẹni tí ó ṣẹ̀. Àwọn irinṣẹ́ yí padà lójú wa. Síkánà, ẹ̀rọ tí ń ka ohun tí ọpọlọ ọkọ̀ bá wí, dé, ó tóbi bí Bíbélì àgbà; lónìí ó ti wọ inú fóònù. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n mo rí i pé àṣìṣe àtijọ́ ni ó wọ aṣọ tuntun. Síkánà á dárúkọ sẹ́ńsọ̀, wọ́n á sáré lọ rà á. Ẹ fara balẹ̀: orúkọ ẹlẹ́rìí ni ó pè fún yín, kò tíì dájọ́.

Èmi náà ṣì ń gbàgbé. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, iná tàn nínú ọkọ̀ tèmi, mo sì gbé e lọ bá Hauwa, akẹ́kọ̀ọ́ mi tẹ́lẹ̀ tí ó ní ibi iṣẹ́ tirẹ̀ ní Nasarawa ti Kàdúná níbí. Mo ní, "Hauwa, sẹ́ńsọ̀ ni. Pààrọ̀ rẹ̀."

Ó nu ọwọ́, ó rẹ́rìn-ín. "Sà, ṣé ẹ ti wọ̀n ọ́n?"

Eku ni ó gé wáyà. Mo kó ìtìjú mi, mo kó ayọ̀ mi, mo lọ sílé.

Ìyá Àgbà ti lọ. Màmá Fọlákẹ́ ti fẹ̀yìn tì, Málàmù Ísá sì ṣì wà ní ẹnu géètì rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Bí mo bá wa ọkọ̀ lọ kí wọn, kì í ṣí géètì fún mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí ó ṣe ń ṣí i fún àwọn ẹlòmíràn. Ó máa ń wá sí ojú fèrèsé mi, ó máa ń gbé ìgúnpá lé e. A ó kí ara wa, a ó béèrè ilé àti ọmọ. Lẹ́yìn náà yóò ní kí n pa ẹ́ńjìnnì.

"Kunna, mu gani," ni yóò wí: kí n tún tan án, kí a wò ó.

Mo ń yí kọ́kọ́rọ́. Ó ń na ọrùn wọlé, ó ń wo dáṣíbọ́ọ̀dù títí iná kékeré náà yóò fi tàn, tí ẹ́ńjìnnì yóò jí, tí iná náà yóò sì kú. "To, ó dára," ni yóò wí. Ìgbà náà ni ó tó lọ ṣí géètì.